Charles Brush: Ọlọ́rọ̀ tó fi afẹ́fẹ́ tan iná sílé ara rẹ̀

Láti ọdún 2023 tí owó epo bẹntiróòlù ti fò sókè, tí owó iná náà sì tún gòkè ní ọ̀pọ̀ àdúgbò ní 2024, kò sí ẹni tí kò máa wá ọ̀nà tí yóò gbà bọ́ lọ́wọ́ ariwo jẹnẹrétọ̀. Àwọn kan ti ra sólà. Àwọn mìíràn ti ń béèrè nípa ẹ̀rọ kékeré kan tó jọ fáànù, tí wọ́n máa ń gbé sórí ilé, tí afẹ́fẹ́ máa ń yí, tó sì máa ń mú iná jáde. Èrò wọn ni pé ẹnikẹ́ni kì í ta afẹ́fẹ́, pé kò sí òṣìṣẹ́ tí yóò gbé bíìlì afẹ́fẹ́ wá sẹ́nu ọ̀nà èèyàn, nítorí náà iná ọ̀fẹ́ ni.

Ìbéèrè gidi ni, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Àmọ́ kì í ṣe tuntun. Ọkùnrin ará Amẹ́ríkà kan ti fi owó ara rẹ̀ dáhùn rẹ̀ láti ọdún 1888, ìyẹn ní nǹkan bí àsìkò tí Ọba Ọvọnramwẹn gorí ìtẹ́ níbí, nígbà tó jẹ́ pé fìtílà elépo làwọn bàbá ńlá wa ṣì fi ń ríran lálẹ́, yálà ní Bìnì ni o tàbí ní Ilé-Ifẹ̀. Orúkọ ọkùnrin náà ni Charles Francis Brush. Ẹni tó bá mọ ìtàn rẹ̀ yóò mọ ohun tó yẹ kó bi ẹni tó bá fẹ́ ta ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ fún un.

Ọmọ àgbẹ̀ ni Brush. Ọjọ́ 17 oṣù kẹta ọdún 1849 ni wọ́n bí i, nínú oko àwọn òbí rẹ̀ ní Euclid, tí kò jìnnà sí ìlú Cleveland ní ìpínlẹ̀ Ohio. Etí adágún Erie ni Cleveland wà. Adágún yìí fẹ̀ débi pé ẹni tó bá dúró létí rẹ̀ kì í rí òdìkejì, afẹ́fẹ́ sì máa ń ti orí omi náà fẹ́ wọ ìlú láìsí igi tàbí òkè tó dá a dúró. Ẹ fi èyí sọ́kàn, a óò padà débẹ̀. Iṣẹ́ oko kò fa ọmọ náà mọ́ra rárá. Ohun tó gbà á lọ́kàn ni ìwé tó ń sọ nípa iná mànàmáná, pàápàá ìtàn onímọ̀ Gẹ̀ẹ́sì nì, Humphry Davy, tó fi bátìrì ńlá mú kí iná máa fò láàárín ọ̀pá èédú méjì, tó sì mọ́lẹ̀ yòò. Kí Brush tó jáde ilé ẹ̀kọ́ girama ní 1867, òun náà ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe irú iná bẹ́ẹ̀. Ó lọ sí Yunifásítì Michigan, ó sì gboyè níbẹ̀ ní 1869. Ẹ̀kọ́ nípa ìwakùsà ló kà, nítorí pé yunifásítì náà kò tíì ní ẹ̀kọ́ ẹnjiníà iná mànàmáná nígbà náà.

Nígbà tó padà sílé, iṣẹ́ àyẹ̀wò kẹ́míkà ló kọ́kọ́ ń ṣe, lẹ́yìn náà ló bọ́ sídìí òwò òkúta irin. Ọwọ́ ló fi ń ṣe òwò, dínámò ló wà lọ́kàn rẹ̀. Ní 1876, ó gbé èyí tó tò lọ sí oko àwọn òbí rẹ̀ láti dán an wò. Kò sí ẹ́ńjìnnì níbẹ̀, nítorí náà ẹṣin ló fi yí i. Iná sì jáde. Láìpẹ́ sí i, ilé ẹ̀kọ́ ìmọ̀ iṣẹ́ ẹ̀rọ tó lókìkí ní Philadelphia, Franklin Institute, kó oríṣiríṣi dínámò jọ láti mọ èyí tó dára jù, ti Brush ni wọ́n mú.

Alẹ́ ọjọ́ 29 oṣù kẹrin ọdún 1879 ni òkìkí rẹ̀ kàn. Àtùpà 12 ni wọ́n gbé kọ́ yí gbàgede àárín ìlú Cleveland ká. Èrò ya bo ibẹ̀ lọ, àwọn kan tilẹ̀ mú gíláàsì dúdú dání nítorí wọ́n ń bẹ̀rù pé ìmọ́lẹ̀ náà lè ba ojú wọn jẹ́. Dínámò kan ṣoṣo ló tan gbogbo rẹ̀. Ní oṣù kẹta ọdún 1880, Wabash, ìlú kékeré kan ní ìpínlẹ̀ Indiana, gbé 4 irú àtùpà yìí sókè ilé ẹjọ́ wọn, ìmọ́lẹ̀ sì kárí àárín ìlú. Kí ọdún náà tó parí, ó ti dé Broadway ní New York. Orúkọ Edison la sábà máa ń gbọ́ bí wọ́n bá ń sọ ìtàn iná, Edison sì tó bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n iná Brush ti ń tàn ní ojú pópó kí gílóòbù Edison tó wọ yàrá ẹnikẹ́ni. Ilé iṣẹ́ tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pàápàá, orúkọ náà sì wà lára àwọn ẹ̀rọ tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn tí òun fúnra rẹ̀ ti kú.

Báyìí ni ọmọ àgbẹ̀ ṣe di olówó. Ní 1884, ó kọ́ ilé ràgàjì kan sí Euclid Avenue ní Cleveland, òpópónà kan náà tí Rockefeller, ọba epo, ní ilé sí. Wàhálà tó wá kojú rẹ̀ ni pé iná tó sọ ọ́ di olówó kò ṣeé gbé wọ ilé. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ti pọ̀ jù, ó máa ń kùn, ó tún máa ń rùn. Gílóòbù kéékèèké ni ilé ń fẹ́. Gílóòbù sì ń fẹ́ iná tó ń wá láìsinmi, nígbà tó jẹ́ pé kò sí ilé iṣẹ́ tó ń fa wáyà iná wọ ilé onílé ní àdúgbò rẹ̀. Ó ní dínámò, ó mọ bátìrì í ṣe, òun gan-an wà lára àwọn tó sọ bátìrì olójé di ohun tó wúlò. Ohun tó kù ni agbára tí yóò máa yí dínámò. Ó lè lo ẹ́ńjìnnì onísíìmù, ṣùgbọ́n ta ni yóò máa kó èédú sí i lóru? Ló bá yíjú sí afẹ́fẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ẹ̀rọ náà dáadáa, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ ló gbé e sí. Òpó rẹ̀ ga tó mítà 18, bí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì alájà márùn-ún. Wíìlì rẹ̀ fẹ̀ tó mítà 17 láti ìkangun kan sí ìkejì, pákó igi kédárì 144 tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n sì tò yí i ká. Ìrù ńlá kan wà lẹ́yìn rẹ̀ tó ń dárí rẹ̀ sí ibi tí afẹ́fẹ́ bá ti ń bọ̀. Gbogbo òpó náà ló máa ń yí pọ̀ lórí irin ńlá kan tí wọ́n rì mọ́ ìpìlẹ̀ òkúta, ìwọ̀n rẹ̀ sì jẹ́ nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 36. Bí wíìlì bá yí lẹ́ẹ̀kan, bẹ́líìtì yóò mú kí dínámò yí ní ìgbà 50. Wáyà gba abẹ́ ilẹ̀ lọ sí yàrá ìsàlẹ̀ ilé, níbi tí ìgò bátìrì 408 wà. Gílóòbù 350 ló wà káàkiri ilé náà, nǹkan bí 100 lára wọn ni wọ́n sì ń tàn lójoojúmọ́. Ẹ̀rọ náà ń bójú tó ara rẹ̀ débi pé bí ìjì bá dé, yóò yí ara rẹ̀ kúrò lójú afẹ́fẹ́, bí bátìrì bá sì kún, yóò dáwọ́ dúró.

Ó ṣiṣẹ́. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé kò ṣiṣẹ́. Nǹkan bí 20 ọdún ló fi wà níbẹ̀.

Èló ló wá ná an? Ní oṣù kejìlá ọdún 1890, ìwé ìròyìn ìmọ̀ ẹ̀rọ tó lókìkí jù ní Amẹ́ríkà, Scientific American, gbé ìròyìn ẹ̀rọ náà jáde pẹ̀lú àwòrán. Ó yìn ín gan-an, ó ní láti ohun tó lé ní ọdún méjì ló ti ń ṣiṣẹ́ láìdúró. Àmọ́ ó kìlọ̀ fún òǹkàwé pé kí wọ́n má rò pé iná tó ti ara afẹ́fẹ́ wá kò wọ́n nítorí pé afẹ́fẹ́ jẹ́ ọ̀fẹ́. Ó ní owó tí wọ́n fi to ẹ̀rọ náà pọ̀ ju ohun tí ọ̀fẹ́ afẹ́fẹ́ lè san padà. Síbẹ̀, ó ní ìtẹ́lọ́rùn ńlá wà nínú kí èèyàn fi ọ̀kan lára àwọn agbára ìṣẹ̀dá tó ṣòro jù láti kápá ṣiṣẹ́. Ẹ wo ìyẹn ná. Ẹni tó ni dínámò, tó ni bátìrì, tó ní òṣìṣẹ́ àti ilé iṣẹ́ tirẹ̀, iná rẹ̀ ṣì wọ́n. Owó òpó, owó wíìlì, owó bátìrì, ibẹ̀ ni owó ń lọ, kò sì sí èyí tí afẹ́fẹ́ ń bá èèyàn san níbẹ̀.

Kì í kúkú ṣe Brush nìkan. Ní oṣù keje ọdún 1887, oṣù díẹ̀ ṣáájú rẹ̀, ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní Glasgow tó ń jẹ́ James Blyth ti gbé tirẹ̀ sí ọgbà ilé ìsinmi rẹ̀ ní abúlé Marykirk ní ilẹ̀ Sìkọ́tíláńdì. Ti Blyth kéré, kò sì náni lówó tó bẹ́ẹ̀. Òpó mítà 10 ni, aṣọ ìgbòkun ni wọ́n ta mọ́ apá rẹ̀ mẹ́rin, gílóòbù 10 ló sì ń tàn bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ níwọ̀ntúnwọ̀nsì. Iná tó ṣẹ́kù, ó ní kí àwọn ará abúlé fi tan ojú pópó wọn lọ́fẹ̀ẹ́. Wọ́n kọ̀, wọ́n ní iṣẹ́ Èṣù ni. Èṣù ti inú Bíbélì ni wọ́n ń sọ o, kì í ṣe Láàlú tiwa. Mo máa ń rẹ́rìn-ín bí mo bá rántí, torí kò sí àdúgbò kan ní Bìnì lónìí tí yóò kọ iná ọ̀fẹ́, ẹni yòówù kó ti wá.

Àbùkù kan tún wà lára ẹ̀rọ Brush, òun fúnra rẹ̀ kò sì mọ̀ ọ́n nígbà náà. Pẹ̀lú bó ṣe tóbi tó, kìlówáàtì 12 péré ló ń mú wá. Láàárín ọdún 1980 sí 1990, ní Dẹ́ńmáàkì, ẹ̀rọ tí wíìlì tirẹ̀ fẹ̀ ní mítà 15 ti ń mú kìlówáàtì 55 wá pẹ̀lú apá mẹ́ta péré. Pákó 144 ti pọ̀ jù, ó ń jẹ́ kí wíìlì yí wọ́ọ́rọ́wọ́, dínámò sì ń fẹ́ eré. Poul la Cour, olùkọ́ kan ní abúlé Askov ní Dẹ́ńmáàkì, ló bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ̀ ẹ́ wò láti 1891, tó sì rí i pé apá díẹ̀ tó ń sáré sàn ju púpọ̀ tó ń rìn gbẹ̀rẹ́ lọ. Nígbà tó yá, àwọn ọmọ Jacobs, ìdílé àgbẹ̀ ní Montana, ṣe ẹ̀rọ alápá mẹ́ta tó tó ilé àgbẹ̀ kan lò, wọ́n sì tà á fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún àgbẹ̀ tí wáyà ìjọba kò tíì dé ọ̀dọ̀ wọn. Nígbà tí ìjọba Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í fa wáyà dé oko láti 1936, ọjà náà bẹ̀rẹ̀ sí í kú díẹ̀díẹ̀.

Bákan náà ló rí fún Brush. Nígbà tí ilé iṣẹ́ iná Cleveland gbé iná tó ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé dé òpópónà rẹ̀, ó gbà á. Nǹkan bíi 1908 ni wọ́n pa ẹ̀rọ ẹ̀yìnkùlé náà tì. Wáyà ti dé ọ̀dọ̀ tiwa náà, iná inú rẹ̀ la ṣì ń wá, ìdí nìyẹn tí ìbéèrè tí Brush pa tì fi tún wà lẹ́nu wa ní Bìnì.

Ẹ wá jẹ́ ká padà sórí ọ̀rọ̀ adágún Erie tí mo ní kí ẹ fi sọ́kàn. Agbára tó wà nínú afẹ́fẹ́ kì í pọ̀ sí i bí eré rẹ̀ ṣe ń pọ̀ sí i lásán. Bí eré bá di ìlọ́po méjì, agbára di ìlọ́po mẹ́jọ. Bó bá sì dín sí ìdajì, ìdá kan nínú mẹ́jọ ló kù. Ẹ mú ẹ̀rọ ilé tí apá rẹ̀ fẹ̀ ní mítà 2 láti ìkangun sí ìkangun. Bí afẹ́fẹ́ bá ń sáré mítà 10 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ó lè mú bíi wáàtì 550 wá. Ní mítà 5, bíi wáàtì 70. Ní mítà 2 àbọ̀, bíi wáàtì 9, gílóòbù kékeré kan ṣoṣo, ìyẹn bí ẹ̀rọ náà bá tilẹ̀ gbà láti yí, nítorí ọ̀pọ̀ wọn kì í bẹ̀rẹ̀ kí afẹ́fẹ́ tó dé mítà 3. Inú igbó kìjikìji ni Bìnì wà. Ní ìpíndọ́gba, afẹ́fẹ́ ibí kì í sábà ju mítà 2 sí 3 lọ.

Ẹnìkan lè ní ṣebí ìjì máa ń ká páànù ilé wa nígbà òjò. Bẹ́ẹ̀ ni. Àmọ́ ìṣẹ́jú mélòó ni? Àwa Yorùbá mọ̀ pé Ọya kì í bá ẹnikẹ́ni ṣe àdéhùn àkókò. Ìjì tó wá fún ogún ìṣẹ́jú kò lè gba agbára sí bátìrì tí a óò lò ní ọ̀sẹ̀ kan, ó tilẹ̀ lè gbé ẹ̀rọ náà lọ mọ́ páànù. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé nígbà tí ìjọba fẹ́ ṣe ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ ńlá ní Nàìjíríà, Lambar Rimi ní ìpínlẹ̀ Katsina ni wọ́n gbé ẹ̀rọ 37 sí, níbi tí pápá tẹ́jú lọ salalu.

Orí ilé láàárín ìlú tún burú ju pápá lọ, ilẹ̀ yòówù kó jẹ́. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ ju tiwa lọ dáadáa, wọ́n ṣe àyẹ̀wò kan tí wọ́n pè ní Warwick Wind Trials, wọ́n sì gbé àbájáde rẹ̀ síta ní 2009. Ẹ̀rọ 26 ni wọ́n ṣọ́, tí ọ̀pọ̀ wọn wà lórí ilé tí èèyàn ń gbé. Ní ìpíndọ́gba, ohun tí ẹ̀rọ kan mú wá lójúmọ́ jẹ́ wáàtì 214 fún wákàtí kan. Fáànù òkè àjà kan ṣoṣo yóò jẹ ẹ́ tán láàárín wákàtí mẹ́ta. Bẹ́ẹ̀ pánẹ́ẹ̀lì sólà 200 wáàtì kan ní Bìnì lè mú ìlọ́po rẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta wá ní ọjọ́ tí oòrùn bá ràn dáadáa. Oṣù keje sí oṣù kẹsàn-án, tí ìkùukùu bá bo ojú ọ̀run, ni sólà náà yóò wá máa ṣe kùẹ̀kùẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tó kan àwa àlejò ju onílé lọ. Ọ̀pọ̀ wa ló ń gba ilé gbé. Brush ni ilẹ̀, ó ni ẹ̀yìnkùlé, ó rì irin mọ́ òkúta. Kí ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ tó lè ríran, òpó rẹ̀ gbọ́dọ̀ ga kọjá igi àti ilé tó yí i ká, ó ń fẹ́ ìpìlẹ̀ kọnkéré àti okùn irin tí wọ́n fi dè é. Landlọ́ọ̀dù wo ló máa gbà? Bí ẹ bá sì kó kúrò, ìpìlẹ̀ di tirẹ̀. Ìdí rẹ̀ nìyí tí mo fi rò pé kí ẹni tó ní owó díẹ̀ lọ́wọ́ kọ́kọ́ fi ra bátìrì tó dára àti pánẹ́ẹ̀lì tó ṣeé tú. Bí olùtajà bá takú, ẹ ní kó fi ìwọ̀n afẹ́fẹ́ òkè ilé yín fún oṣù díẹ̀ hàn yín, kì í ṣe iye wáàtì tí wọ́n kọ sára páálí. Iye ara páálí, ti ìjì ni.

Ní ti Brush, ó ti ta ilé iṣẹ́ rẹ̀ ní 1889, nígbà tí ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ náà ṣì jẹ́ tuntun, àwọn tó rà á sì wà lára àwọn tó para pọ̀ di General Electric ní 1892. Ó tún rówó nídìí òwò gáàsì ọ́síjìn. Ṣùgbọ́n ọjọ́ alẹ́ rẹ̀ kò dùn. Ìyàwó rẹ̀ kú ní 1902. Ní 1927, ọmọkùnrin rẹ̀ kan ṣoṣo tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ fa ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ fún ọmọ tirẹ̀ tó ń ṣàìsàn, bàbá àti ọmọ sì kú. Bàbá àgbà náà fi owó ńlá dá àjọ kan sílẹ̀ ní orúkọ ọmọ rẹ̀ ní 1928. Lára èrò àjọ náà ni pé kí wọ́n máa ṣa irú èèyàn tó yẹ kó bímọ, èrò tó gbòde láàárín àwọn olówó ìgbà náà, tí n kò lè yìn.

Ó kú ní ọjọ́ 15 oṣù kẹfà ọdún 1929, ẹni 80 ọdún, wọ́n sì sin ín sí Lake View ní Cleveland. Ó ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé bí òun bá lọ, tí kò sí ọmọ òun tó ń gbé inú ilé Euclid Avenue náà mọ́, kí wọ́n wó o. Wọ́n wó o.